Bí Alága Ṣe Dá Bíríkìlà Lẹ́jọ́

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orí àga gíga nìkan ni èèyàn ti ń ṣubú. Àga Alága Àwọn Olólùfẹ́ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù kò ga ju àpótí ìdáná lọ. Ike ni, funfun ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti kán rí tí wọ́n fi wáyà dì í. Síbẹ̀, ní ọ̀sán Sátidé tí baba náà ṣubú kúrò lórí rẹ̀, ariwo ìṣubú náà ju ti ẹni tó já bọ́ láti orí òrùlé lọ.

Fóòmù ló ń tà lọ́jọ́ iṣẹ́. Kò sí ohun tó burú nínú fóòmù títà, iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ọmọ aráyé rí oorun sùn ni. Àmọ́ bó bá di ọjọ́ bọ́ọ̀lù, tí Alága yọ lẹ́nu géètì pápá, Akọ̀wé rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á fò dìde, á ké gbàjarè:

"Ojú tí kì í ṣì!"

Àwọn òǹwòran á dáhùn: "Ó ń bọ̀!"

"Ojú tó rí gólì kí gólì tó mọ̀ pé òun ń bọ̀!"

"Ó dé!"

Alága á dúró gbọnrangandan, á jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn á fi máa ta wọ́n, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tí ojú ń tì. Ojú kò tì í rí.

Àga rẹ̀ kò kọjú sí pápá o. Àwọn òǹwòran ló kọjú sí. Òun fúnra rẹ̀ ló pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ṣe pàtàkì kí àwọn olólùfẹ́ máa rí òun bí òun ṣe ń wo bọ́ọ̀lù. Bí ó bá wá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù lóòótọ́, á yí ọrùn díẹ̀, á gba inú awò dúdú wò ó, á tún yí i padà. Dókítà ojú ti fún un ní awò mìíràn, èyí tó nípọn bí ìdí ife, inú dúróọ̀ ni ó wà. Ojú tí kì í ṣì kò gbọdọ̀ wọ irú rẹ̀ níta.

Ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan tó ti wà kí Alága tó dé. Agbábọ́ọ̀lù tuntun kì í déédéé bọ́ sínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ kejì, ìyẹn àwọn tó ń dúró de ìgbà tiwọn, ni yóò kọ́kọ́ bá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, àwọn òǹwòran á sì dá a lẹ́jọ́ lẹ́yìn rẹ̀: kí ó dúró, tàbí kí ó máa lọ. Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ fẹ́ràn àṣà yìí gan-an, torí bí ẹni tí wọ́n gbà bá di aláìwúlò, wọ́n á ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ yàn án." Láyé ìgbà kan, ṣe ni gbogbo èèyàn ń nawọ́ sókè. Nígbà tí Alága gorí àga, ó ní ọwọ́ nínà ń ba àwọn àgbàlagbà léjìká jẹ́, òun á máa bá gbogbo wọn sọ ọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fi òfin méjì kún un. Ohun tí Alága bá ti fi ẹnu sọ nínú makirofóònù, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú Ìwé Ìdájọ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ìparẹ́. Èkejì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ Alága ṣe. Akọ̀wé ti dán an wò rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí Alága dìde tó ń kí gbogbo èèyàn kú oríire, Akọ̀wé tẹ̀ sí i létí: "Alága, àwa la fìdí rẹmi o." Odidi oṣù kan ni wọ́n fi ní kó máa dúró lẹ́yìn géètì. Láti ìgbà náà wá, bí iná bá ń jó etí ṣòkòtò Alága, Akọ̀wé á kọ́kọ́ béèrè bóyá ooru ń mú wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tuntun dé. Ọkùnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ bíríkì ló ń ṣe kí wọ́n tó rí i níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń mọlé, Bíríkìlà náà ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ wá, oyún oṣù méje wà nínú obìnrin náà. Wọ́n ti kó kúrò nínú yàrá tí wọ́n háyà, ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ rẹ̀, torí ẹgbẹ́ ti ṣèlérí yàrá méjì fún un bí àwọn olólùfẹ́ bá lè gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kò sí ilé lẹ́yìn, kò sí ilé níwájú. Ìyá Alágbàfọ̀, opó kan tó ń fọ aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ló yọ̀ǹda yàrá tó ń ká aṣọ sí fún wọn títí ìdájọ́ á fi wáyé. Àárín òkìtì ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

Ẹnu géètì ni Bíríkìlà ti pàdé baba kan tó wọ kóòtù oníbọ́tìnnì wúrà mẹ́jọ. Ó wo bọ́tìnnì, ó gbà pé aṣọ́bodè ni. Ó tẹrí ba.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé ìtọ̀ wà?"

"Ilé kí ni?" ni Alága wí.

"Ilé ìtọ̀, bàbá. Ọ̀nà tí mo ti ń bọ̀ jìn ni."

"Ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀?"

Bíríkìlà kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé etí baba náà ló di, ó sì fi ọ̀wọ̀ gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo pápá fi gbọ́: "MO NÍ ILÉ ÌTỌ̀ DÀ!"

Àwọn tó ń ge koríko nawọ́ ibẹ̀ sí i. Ó dúpẹ́, ó sáré lọ. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ju èyí lọ ni wọ́n fi fẹ́ lé aláboyún síta. Ẹni tí àga bá ti wọ̀ lára, ohun kékeré ni í ta á lẹ́gùn-ún.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, Alága ránṣẹ́ pe Akọ̀wé sí ilé ìtajà rẹ̀. Kò sí àga mìíràn níbẹ̀, orí fóòmù ni Akọ̀wé jókòó sí, ó sì ń rì díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ.

"Kọ ọ́," ni Alága wí, ó ń rìn síwá sẹ́yìn. "'Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí òùngbẹ òtítọ́ ń gbẹ! Mo ti wo ọkùnrin yìí látòkèdélẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, mo ní kò burú, bóyá tòsì ló mọ̀ ọ́n lò. Mo wo tòsì, mo sunkún.' Ṣé o kọ 'mo sunkún'?"

"Mo kọ ọ́, sà."

"Fa igi sábẹ́ ẹ̀. 'Ní ìdajì àkọ́kọ́, ó ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ní ìdajì kejì, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.'"

Akọ̀wé gbé kálámù sókè. "Alága, ẹ má bínú o. Ọjọ́rú la wà. Sátidé ni wọ́n máa gbá a."

"Kí ló kàn mí nínú ìyẹn?"

"Mo ní bóyá ká ní sùúrù kí bọ́ọ̀lù ọ̀hún..."

"Ìwọ tíṣà yìí, gbọ́. Ṣé bọ́ọ̀lù ló máa wá sọ fún èmi bí bọ́ọ̀lù ṣe máa rí?"

Akọ̀wé wo ìwé, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí fóòmù ti fẹ́ẹ̀ gbé mì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ẹgbẹ́ kejì wọ jẹ́sì pupa, àwọn àlejò wọ àwọ̀ ewéko. Wọ́n kí Alága káàbọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kí i, wọ́n tún un kí nítorí pé ó ní ti àkọ́kọ́ kò dún dé ẹ̀yìn. Rẹfirí fọn fèrè. Alága kọjú sí àwọn òǹwòran, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ní ìlà kẹta, Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó pẹ̀lú ìyàwó Bíríkìlà, ẹni tí kò lè gbé ojú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn, ètè rẹ̀ ń mì, àdúrà ló ń gbà. Télọ̀ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, Kàfíńtà sì wà lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ìyá," ni Télọ̀ wí, "àlejò yín ń fi wá ṣeré o. Ogún ìṣẹ́jú rèé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì kan bọ́ọ̀lù tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Ṣé wọ́n ti gbá a wọ àwọ̀n wa?"

"Rárá."

"Kí lo wá ń wá?"

"Kò ṣe nǹkan kan ni mò ń sọ! Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tá a ní léṣìí, ṣe ló máa ń fò, tó máa ń wọ́lẹ̀. Èèyàn á mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ."

"Ìwọ Télọ̀, bó o bá rán ṣòkòtò tí kò ya nídìí, ṣé ẹni tó wọ̀ ọ́ á wá máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ káàkiri ìgboro?"

Kàfíńtà bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti mú ẹ!"

"Ẹ wo ṣòkòtò ẹ̀," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Ó mọ́, àbí kò mọ́?"

"Ó mọ́ bí ìgbà tó wọ̀ ọ́."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi fọ ẹrẹ̀ wọn. Èyí tó bá ń fi gbogbo ara wọ́lẹ̀, ẹ̀yin á máa pariwo pé akin ni. Èmi tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìdí ẹ̀, mo mọ̀ pé ó pẹ́ kó tó débi tó yẹ kó wà ni. Ẹni tó bá ti dúró sójú ọ̀nà kí bọ́ọ̀lù tó dé, kí ló fẹ́ máa yí gbiri nílẹ̀ fún?"

"Ìyá yìí, ọṣẹ lẹ fẹ́ ṣọ́ lò," ni Kàfíńtà wí.

"Ọṣẹ náà wà ńbẹ̀," ni ìyá dá a lóhùn, ojú rẹ̀ kò kúrò lórí pápá.

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí Bíríkìlà ń dúró dípò ibi tí bọ́ọ̀lù wà, nígbà tó sì yá, ó rí i pé ibì kan náà ni bọ́ọ̀lù ń wá sí. Ó mí kanlẹ̀. "Háà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ ná."

Nígbà ìsinmi, wàhálà bá àwọn àlejò. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹsẹ̀ rọ́, wọn kò sì ní àrọ́pò kankan, torí ọkọ̀ tó gbé àwọn yòókù ti kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Nínú bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, onílé máa ń yá àlejò ní èèyàn kan kí mọ́kànlá lè kojú mọ́kànlá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa rò ó wò.

"Ẹ mú Bíríkìlà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń gbá a wọlé fún àwa gan-an."

Bíríkìlà bọ́ jẹ́sì pupa lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì ju èyí tó ṣẹ́ kù nínú àpò àwọn àlejò sí i: àwọ̀ ewéko, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo òǹwòran rí i, àfi ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn Alága ló kọ sí pápá, ẹ̀ka àwọn olólùfẹ́ tó ń gbé lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ sì ń ka ìwé ìkíni sí i létí. Ìwé náà gùn tó ojú ewé mẹ́fà. Wọ́n ní ká ní Alága wà nígbà tí wọ́n ń dá bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni, bọ́ọ̀lù ì bá rí róbótó jù báyìí lọ. Alága ní kí wọ́n tún ibẹ̀ kà.

Akọ̀wé rí i. Ó la ẹnu. Ó rántí ẹ̀yìn géètì. Ó pa ẹnu dé.

Ìdajì kejì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, tí wọ́n ń pè ní Ìjì nítorí eré sísá rẹ̀, gbá bọ́ọ̀lù lọ bá ọkùnrin aláwọ̀ ewéko náà, ó sì padà láìsí bọ́ọ̀lù. Ó tún lọ. Ó tún padà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gba apá òsì, bọ́ọ̀lù sì ti bọ́ sẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn kí ó tó mọ̀ pé òun kò gbé e mọ́. Àwọn òǹwòran hó yèè. Ariwo náà pọ̀ débi pé Alága yí ọrùn. Ó rí nǹkan gíga kan, aláwọ̀ ewéko, tó dúró jẹ́ẹ́. Ó rí nọ́ńbà gàdàgbà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fà mọ́ ọn.

"Akọ̀wé, ta ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn?"

"Àwọn àlejò ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, sà," ni Akọ̀wé wí. Kò sì purọ́.

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Wo ìdúró! Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn. Bíríkìlà tiwa ńkọ́, ṣé ó wà lórí pápá ṣá?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Mi ò tiẹ̀ rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kọ ọ́ kún un: 'Ní ìdajì kejì, a wá a títí, a ò rí i.'"

Akọ̀wé kọ ọ́ kún un.

Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, òdo sí òdo ni wọ́n wà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àti àwọn olùdarí wá dúró sábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran láti gbọ́ ìdájọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìyàwó Bíríkìlà di ọwọ́ Ìyá Alágbàfọ̀ mú, ó dì í mú pinpin. Alága gba makirofóònù, ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wúkọ́ sí i.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí òùngbẹ òtítọ́ ń gbẹ!"

Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ka ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ka ẹsẹ̀ òsì, nígbà tó dé "mo sunkún" ó fi ìka nu abẹ́ awò dúdú. Ó ka abẹ́rẹ́. Ó ka pé ní ìdajì kejì a wá a títí, a ò rí i. Kò sí ẹni tó mí. Alága rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wọ́n lára.

"Nítorí náà, kí Bíríkìlà di ẹrù rẹ̀, kí ó máa lọ! Akọ̀wé, ṣé ó ti wọ Ìwé?"

"Ó ti wọ̀ ọ́, sà."

Ibí ló yẹ kó dákẹ́ sí. Ká ní ó dákẹ́ síbí, òun ni ì bá ṣì wà lórí àga títí dòní, a kì bá sì máa sọ ìtàn kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ adùn ohùn ara rẹ̀ kì í mọ ibi tí wọ́n ń jókòó sí.

"Ẹ má sọ pé mo kórìíra agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn!" ló tún bẹ̀rẹ̀. "Ojú tó rí àìdáa náà ló rí dáadáa. Nínú ẹgbẹ́ àwọn àlejò, ẹnì kan wà, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Áà! Òkúta tó lẹ́sẹ̀! Ìlẹ̀kùn tó mọ ẹni tó yẹ kó wọlé! Mo pa á láṣẹ pé kí ẹgbẹ́ gbà á lónìí yìí, kí wọ́n fún un ní yàrá, kí wọ́n má jẹ́ kó wọkọ̀ padà. Bí ẹnikẹ́ni bá lè fi hàn mí pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí kò dára ju Bíríkìlà lọ, mo kúrò lórí àga yìí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ bẹ̀ mí!"

Ìyá Alágbàfọ̀ dìde. Kì í sábà sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ó sì kọ́kọ́ tún ìró rẹ̀ ró.

"Alága, ẹ kú ìdájọ́ o. Ṣé ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ti wọ Ìwé?"

"Akọ̀wé!"

"Ó ti wọ̀ ọ́, sà. Àti ti àga."

"Ẹ ṣé o." Ó kọjú sí pápá. "Bíríkìlà, ọmọ mi, bọ́ jẹ́sì yẹn wá, kí n dá a padà. Àwọn tó ni ín ń dúró nínú ọkọ̀."

Ọkùnrin gíga náà rìn wá sábẹ́ ìjókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ́ jẹ́sì ewéko, ó ká a, ó sì gbé e fún ìyá náà, nọ́ńbà lókè. Ó tó nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí Alága. Níbi tó dé yìí, awò dúdú pàápàá kò lè ní kí èèyàn má dá a mọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni Bíríkìlà wí.

Télọ̀ béèrè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ ìwọ̀n ṣòkòtò oníbàárà: "Alága, ẹ̀yin lẹ ní ó dára ju Bíríkìlà lọ. Báwo lèèyàn ṣe ń dára ju ara ẹ̀ lọ?"

"Ní... ní ti àwọ̀," ni Alága wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀! Ṣe ni mò ń dán yín wò, bóyá ẹ̀ ń fiyè sí bọ́ọ̀lù!"

"Ẹ ṣeun, sà," ni Kàfíńtà wí láti ẹ̀yìn. "A ti yege. Ẹ máa sọ̀kalẹ̀."

Alága wo Akọ̀wé. "Pa á rẹ́."

"Òfin yín kò gbà á, sà," ni Akọ̀wé wí. Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ó sì rántí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ Alága ṣe, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tẹ̀ síwájú. "Ìdájọ́ méjì ni mo gbọ́ lórí ẹnì kan. Èyí tí wọ́n sọ kẹ́yìn ni mo mú." Àwọn olùdarí mi orí. Ọ̀kan ti ń yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá nínú àpò.

Kò sí ẹni tó hó. Kò sí ẹni tó fi Alága ṣẹ̀sín. Wọ́n kàn dìde, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, wọ́n sì na ọwọ́ sókè bí wọ́n ṣe máa ń nà án láyé àtijọ́. Èjìká kankan kò yẹ̀. Baba náà wo ọwọ́ wọ̀nyẹn, ó kà á sí ọ̀wọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ló yé e, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Bíríkìlà gòkè wá bá ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kò tíì gbé ojú sókè láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ká máa lọ. Wọ́n tún ní ká dúró."

"Èwo la máa ṣe?"

"Èyí tó kẹ́yìn."

Ó bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ kan lórí ikùn. Ìyá Alágbàfọ̀ ní kí wọ́n fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run, kí wọ́n sì wá bá òun fa omi, torí jẹ́sì méjìlá ló wà nílẹ̀.

Ẹni tí a kò pè ní Alága mọ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ ní pálọ̀. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì lọ síbi bọ́ọ̀lù rí, ṣùgbọ́n obìnrin tó mọ̀wà hù ni, ó máa ń béèrè ohun tó yẹ kí èèyàn béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti pápá dé.

"Ẹ káàbọ̀ o, Baba wọn. Ta ló borí?"

Ọkọ rẹ̀ ti jókòó, ó ti bọ́ bàtà kan, ó mú un lọ́wọ́. Ó ronú. Ó wo òkè àjà, ó wo inú bàtà.

"Wọn ò sọ fún mi," ló wí.